Ojú Ẹ̀rọ Tó Ń Tẹ Ara Rẹ̀: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Lẹ́tà tó wọlé láti Òṣogbo lọ́tẹ̀ yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn: ojú fóònù, ojú POS tàbí bọ́tìnnì tí a kàn ń fọwọ́ kàn, tí kò gbọ́ tẹni mọ́ bí iná bá ti wọ̀ ọ́. A mú márùn-ún nínú wọn. Èyí tó nílò àlàyé gígùn, a fún un ní ààyè.

Iṣẹ́ POS ni mò ń ṣe ní ọjà Ìgbọ̀nà. Bí mo bá ki ṣájà bọ ẹ̀rọ mi, tí mo tẹ 5, 8 ni yóò gbé jáde, nígbà míì á gbé méjèèjì. Bí mo bá yọ ṣájà, wàhálà tán. Wọ́n ní kí n lọ pààrọ̀ ojú rẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó fi owó oníbàárà ránṣẹ́ síbi tí kò yẹ. — OníPOS, Ìgbọ̀nà

Ẹ má tíì náwó lórí ojú o. Ojú tó bàjẹ́ kì í wo ti ṣájà kó tó ya wèrè, tọ̀sán-tòru ni yóò máa ṣe é. Èyí tó dákẹ́ nígbà tí ẹ yọ ṣájà, ọ̀dọ̀ ṣájà ni kí ẹ ti wá ẹjọ́ rẹ̀.

Lábẹ́ gíláàsì yẹn ni àwọn ìlà tín-ín-rín kan wà tí ojú kò lè rí, àwọn kan lọ ní ìbú, àwọn kan lọ ní òòró. Ẹ̀rọ ń ta iná kékeré sínú ìlà ìbú, ó ń fetí sí i lórí ìlà òòró. Bí ìka bá súnmọ́ ibi tí ìlà méjì ti pàdé, ó máa ń fa díẹ̀ nínú iná náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Díẹ̀ tó dín kù yẹn, tí kì í sábà tó píkófárádì kan, ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ pé 5 lẹ tẹ̀. Ohun tó kéré tó báyìí, ariwo iná tí kò tó nǹkan lè bò ó mọ́lẹ̀.

Ibi tí ariwo ti ń wá rèé. Ṣájà máa ń gba iná 230 V, á sọ ọ́ di nǹkan bí 325 V tó ń lọ tààrà. Lẹ́yìn náà á máa gé e, á tún máa so ó, ní nǹkan bí ìgbà 50,000 sí 150,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí tiransifọ́mà kékeré inú rẹ̀ lè sọ ọ́ di 5 V. Wáyà apá iná ńlá àti wáyà apá iná kékeré kò fara kanra nínú tiransifọ́mà yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n súnmọ́ra débi pé ariwo gígé-síso náà ń fò kọjá. Bó bá ti fò kọjá, wáyà pósítífù àti wáyà nẹ́gátífù ló jọ ń gbé sókè sódò pọ̀. Bí ẹ bá fi mítà wọn àárín àwọn méjèèjì, 5 V géérégé lẹ ó rí, ẹ ó sì ní ṣájà dára. Àárín ṣájà àti ilẹ̀ ni ìjàngbọ̀n wà, ibẹ̀ ni mítà yín kò sì wò.

Ẹ̀yin dúró lórí ilẹ̀, ẹ̀rọ ní tirẹ̀ ń gbọ̀n pẹ̀lú ṣájà. Ẹ fi wé ẹni tó dúró ní títì tó fẹ́ na ṣéńjì sí ẹni tó wà nínú kọ́rópe tó ń gbọ̀n jìgìjìgì: ọwọ́ méjèèjì dára, ṣéńjì ni kò dé ibi tó yẹ. Ìdí nìyẹn tí nǹkan kan kì í fi í ṣẹlẹ̀ bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án. Ìka yín gan-an ni ariwo ń gbà wọlé, ìlà tí ẹ̀rọ fi ń gbọ́ràn lábẹ́ ìka náà ló sì ń bá lọ. Nọ́ńbà 2, 5, 8 àti 0 wà lórí òòró kan náà. Ẹ tẹ 5, ariwo sáré lọ sísàlẹ̀ lórí ìlà, 8 jáde.

Kó lè dá yín lójú, ẹ kọ́kọ́ yọ ṣájà, kí ẹ tẹ 2, 5, 8 àti 0, ogún ìgbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ẹ so ó mọ́ páwà báǹkì, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá ṣi nọ́ńbà kankan gbé níbi méjèèjì, ojú ẹ̀rọ yín pé. Ẹ wá so ó mọ́ ṣájà, ẹ gbé e sórí tábìlì onígi, kí ẹ fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ láìfi ọwọ́ kejì kàn án. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, kí ọwọ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bó bá sàn nígbà tó wà lọ́wọ́ ju ìgbà tó wà lórí tábìlì lọ, ẹjọ́ ti parí: ọwọ́ tó gbá ẹ̀yìn ẹ̀rọ mú ti so ara yín àti ẹ̀rọ pọ̀, ẹ jọ ń gbọ̀n, ìyàtọ̀ dín kù. Ìdánwò yìí kò gbówó lórí, a sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ńlá ṣe lọ.

Ojútùú rẹ̀ ni ṣájà gidi. Nínú ṣájà tó pé, kapásítọ̀ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Y, nǹkan bí 1 sí 2.2 nF (nánófárádì, òdiwọ̀n kapásítọ̀), tó so apá iná ńlá àti apá iná kékeré pọ̀ kí ariwo lè rí ọ̀nà padà sílé láìgba ara yín kọjá. Àwọn tó ń ṣe ṣájà olówó pọ́ọ́kú máa ń yọ ọ́ kúrò, tàbí kí wọ́n fi èyí tó kéré jù sí i. Láti 2010 ni ìlànà EN 62684 ti ilẹ̀ Yúróòpù ti fi òdiwọ̀n lé irú ariwo yìí fún ṣájà fóònù, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ilé-iṣẹ́ gidi kò mọ̀. Kí ẹ tó rí ṣájà tó dáa rà, ẹ máa fi páwà báǹkì ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, kí ẹ ṣájì páwà báǹkì náà lálẹ́.

Ohun kan tí ẹ kò gbọdọ̀ gbà: kí ẹnikẹ́ni ní òun máa tú ṣájà, kí òun jó kapásítọ̀ tí òun rí nílẹ̀ mọ́ ọn. Kapásítọ̀ Y ni wọ́n ṣe lákànṣe kó má baà di ṣọ́ọ̀tù bó bá bàjẹ́. Bí èyí tó jẹ́ lásán bá di ṣọ́ọ̀tù, iná ńlá dé inú wáyà USB nìyẹn, ọwọ́ yín ló sì wà lórí ẹ̀rọ.

Àwọn kan á ní kí ẹ ra irin dúdú róbótó tí wọ́n ń fi há wáyà, ferrite. Wáyà USB tí wọ́n fi gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan kò lè ṣe ohun tó pọ̀ sí ariwo 100 kHz (ìgbà 100,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan). Bí ẹ bá yí i ká ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, agbára rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́sàn-án, ó lè ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n owó ṣájà gidi ni kí ẹ tọ́jú.

Mò ń tún fóònù ṣe ní Ọláìyá. Fóònù kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ti pààrọ̀ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo rẹ̀ ló ń tẹ ara rẹ̀ lápá òkè, ó sì máa ń le sí i lórí ṣájà. Ojú tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó fọ́. Kí ni kò dáa? — Atúnfóònùṣe, Ọláìyá

Ojú mẹ́ta kì í bàjẹ́ síbì kan náà. Ẹ gbójú kúrò lára gíláàsì, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà tí ẹ tú ojú àkọ́kọ́ kúrò, ó ṣeé ṣe kí fọ́ìlì bàbà tàbí aṣọ dúdú onírin kan ti bá a lọ, tàbí kí sípíríǹgì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fírémù (férémù irin tó gbé ojú dúró) ti tẹ̀ tàbí já. Àwọn ni wọ́n so ẹ̀yìn ojú mọ́ nẹ́gátífù bọ́ọ̀dù. Láìsí wọn, ariwo ojú fúnra rẹ̀, pàápàá ti iná ẹ̀yìn ojú, kò rí ibi wọlẹ̀ sí, ìlà tọ́ọ̀ṣì (touch, ìyẹn ìlà tí ojú fi ń mọ ìka) ló máa ń há sí. Ẹ yọ bátìrì, kí ẹ fi mítà wọn láti ara fírémù sí nẹ́gátífù lójú ibi tí bátìrì ń kì sí. Kó má ju 1 Ω lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá ìṣó tí ẹ kò dá padà, ojú ibi tí gọ́ọ̀mù ti bo irin, tàbí sípíríǹgì tó ti sùn. Ẹ fi sípírítì nù ún, ẹ gbé sípíríǹgì dìde, ẹ fi téèpù bàbà tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ń gbé iná dí ibi tí fọ́ìlì ti ya. Téèpù bàbà tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò gbé iná wà lọ́jà dáadáa, ẹ fi mítà wò ó kí ẹ tó rà á: ẹ lẹ ègé méjì mọ́ra, kí ẹ wọn láti orí ọ̀kan sí ìkejì.

Ẹ wá ṣí Developer options nínú fóònù. Ẹ ó rí Build number nínú About phone, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méje, lẹ́yìn náà kí ẹ tan Pointer location. Ẹ fi ìka fa ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ láti igun kan sí ìkejì, kí ẹ máa rọra fà á. Bí ìlà náà bá já síbì kan ṣoṣo nígbà gbogbo, tó sì ń ṣe é láìsí ṣájà, ìlà inú ojú ló já tàbí kí wáyà pẹlẹbẹ rẹ̀ má jókòó dáadáa. Bí àmì tí ẹ kò tẹ̀ bá ń tẹ̀ lé ìka yín kiri, tó máa ń wà lórí òòró tàbí ìbú kan náà pẹ̀lú ìka, ariwo ni. Ẹ tún gbé ìmọ́lẹ̀ ojú lọ sókè pátápátá, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí nǹkan bí 20%. Bí àìsàn rẹ̀ bá ń yí padà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀, iná ẹ̀yìn ojú lẹ ó mú.

Bí gbogbo èyí bá pé tí kò sì lọ, ojú àdàkọ yẹn kò bá fóònù náà mu nìyẹn. Wọ́n ti ṣètò iye tí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń retí sí ojú ti ilé-iṣẹ́, ojú àdàkọ tí ìlà rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ á sì fún un ní iye mìíràn. Ẹ sọ òótọ́ fún oníbàárà, kí ẹ wá ojú tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Ẹ má gbàgbé láti wo bátìrì pẹ̀lú, torí èyí tó bá ti wú lè máa ti ojú láti ẹ̀yìn.

Akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN ni mí. Mo fi ESP32 (bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré kan) ṣe bọ́tìnnì mẹ́rin tí a kàn ń fọwọ́ kàn láti tan iná àti fáànù, bàbà wà lẹ́yìn akírílíkì 3 mm. Lórí bátìrì kọ̀ǹpútà mi, ó dára. Bí mo bá fi ádápítọ̀ 5 V gbé e, tí fáànù sì tàn, bọ́tìnnì kejì á tan ara rẹ̀. Mo ti gbé threshold (iye tí ètò fi ń mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ kàn án) sókè sódò títí, ó sú mi. — Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ iná, Òṣogbo

Má jẹ́ kó sú ọ. Threshold ni kó o fi kan ìgbẹ̀yìn. Wọn ariwo ná.

Kọ ètò kékeré kan tí yóò ka touchRead (iye tí ESP32 ń kà lára bọ́tìnnì) ní ìgbà 100 láìfọwọ́ kàn án, kó tẹ èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù síta. Ká ní ó wà láàárín 71 sí 75, ariwo rẹ jẹ́ 4. Fi ìka kàn án, ka ìgbà 100 mìíràn, wá ìpíndọ́gba. Ká ní 73 ló wà tẹ́lẹ̀ tó wá di 49, àmì rẹ jẹ́ 24. Pín 24 sí 4, ó jẹ́ 6. Kó má ṣe kéré sí 5. Wàyí o, tún un ṣe lórí ádápítọ̀, tún un ṣe nígbà tí fáànù ń yí, tún un ṣe nígbà tí relay (súwíìṣì tí ESP32 fi ń tan fáànù, tó sì fi ń pa á) ń dún ká-ká-ká, kó o tún ṣe é lórí jẹnẹrétọ̀. Èyí tó burú jù nínú wọn ni kó o gbà. Iye tó o rí lórí bátìrì kọ̀ǹpútà kò sọ nǹkan kan fún ọ nípa ilé tí wọ́n máa gbé e kọ́ sí. Lórí ESP32 àkọ́kọ́, iye máa ń lọ sílẹ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án, lórí ESP32-S2 àti ESP32-S3 ó máa ń gòkè, nítorí náà má da ètò àwọn méjèèjì pọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo akírílíkì. Bí bàbà kò bá lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, afẹ́fẹ́ wà láàárín, afẹ́fẹ́ sì ń jẹ àmì ju bó o ti rò lọ. Agbára akírílíkì láti gbé àmì kọjá tó ìlọ́po mẹ́ta ti afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ 0.5 mm péré dà bí akírílíkì 1.5 mm, 3 mm rẹ ti di 4.5 mm nìyẹn, ìdá kan nínú mẹ́ta àmì rẹ ti lọ kí ariwo tó dé rárá. Fi téèpù olójú méjì tó tinrin lẹ̀ ẹ́, kó o fi ìka fún afẹ́fẹ́ jáde láti àárín lọ sí etí. Kí bàbà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 12 sí 15 mm.

Wáyà tó ti ara bàbà lọ sí ESP32, jẹ́ kó kúrú ju 10 cm lọ. Má jẹ́ kó bá wáyà fáànù tàbí wáyà relay rìn pọ̀. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn. Jó rẹsísítọ̀ 510 Ω sójú wáyà náà, kó súnmọ́ ẹsẹ̀ ESP32, kó má wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbà. Òun àti ìwọ̀n kapásítọ̀ kékeré tó wà nínú ẹsẹ̀ yẹn ni yóò jọ máa dá ariwo tó yára jù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bó o bá fẹ́ fi nẹ́gátífù yí bàbà ká, ṣe é bí àwọ̀n, má ṣe é bí pẹpẹ, torí pẹpẹ bàbà tó kún á gba àmì ìka lọ.

Bọ́tìnnì kejì tó ń tan ara rẹ̀ nígbà tí fáànù bá tàn, relay ló fà á. Fáànù ní mọ́tò, bí relay bá sì so iná mọ́tò tàbí tó já a, iná á bẹ́ láàárín irin méjèèjì, ariwo rẹ̀ á sì kún gbogbo àpótí. Rẹsísítọ̀ 100 Ω àti kapásítọ̀ 100 nF tí wọ́n kọ X2 275 V sí lára, tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, kó o jó wọn dábùú ojú relay ti fáànù nìkan. Má jó o mọ́ ti gílóòbù LED o: nǹkan bí 7 mA máa ń gba inú 100 nF kọjá lórí 230 V, gílóòbù náà á máa tàn bàìbàì ní gbogbo òru. Jó díódù 1N4007 mọ́ wáyà yíyí relay bí bọ́ọ̀dù rẹ̀ kò bá ní in. Kapásítọ̀ 470 µF wà lójú 5 V relay, 10 µF àti 100 nF wà lẹ́sẹ̀ iná ESP32. Má sì máa ka bọ́tìnnì lásìkò tí Wi-Fi ń ránṣẹ́, ó máa ń fa iná lójijì nígbà yẹn.

Ètò ló kù. Má fi ìpíndọ́gba ṣe é. Wo kíkà márùn-ún yìí, tí relay dún láàárín wọn: 73, 72, 31, 74, 73. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 64.6, irọ́ ni. Tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, mú ti àárín, 73 ló jẹ́, 31 ti bọ́ sọnù. Lẹ́yìn èyí, fi threshold sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àmì rẹ: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin 24 jẹ́ 18, 73 dín 18 jẹ́ 55. Jẹ́ kó gbà pé wọ́n fọwọ́ kàn án nígbà tó bá dé 53, kó má gbà pé wọ́n ti fi sílẹ̀ títí yóò fi gun 57, kó má baà máa tan, kó máa kú bí ó bá ń gbọ̀n lórí 55. Kíkà mẹ́ta léraléra, 10 ms láàárín, kó tó ṣe ohunkóhun. Kò sẹ́ni tí yóò mọ 30 ms lára. 73 tó wà tẹ́lẹ̀ yẹn náà á máa yí díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ooru àti ọ̀rinrin, nítorí náà jẹ́ kí ètò rẹ máa tẹ̀ lé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àmọ́ kó dúró bí ìka bá wà lórí rẹ̀.

Bó o bá rí ariwo kan tó ń lọ sókè sódò bí ìgbì, tí kò yára, iná 50 Hz ni. Ìgbì kan gba 20 ms, nítorí náà ka ìgbà 20 pẹ̀lú 1 ms láàárín, kó o kó wọn jọ, ó ti pa ara rẹ̀. Ibùdó tí wọ́n ti ń ṣọ́ iná orílẹ̀-èdè yìí kó má kúrò ní 50 Hz, Òṣogbo níbí ló wà. Jẹnẹrétọ̀ ilé kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ bẹ́ẹ̀, bí ẹrù bá wọ̀ ọ́ á rọ̀, ìgbì rẹ̀ kò sì ní jẹ́ 20 ms mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kó o wọn ariwo lórí jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú.

Àdìrẹ ni mò ń ṣe. Bí mo bá ti inú aró bọ́, tí mo nu ọwọ́ mi, fóònù kì í gbọ́ mi, tàbí kó máa fò kiri. Kò sí lórí ṣájà o. — Aláró, Òṣogbo

Ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀, ìyá wa, kì í ṣe ariwo iná. Omi aró tó ní sódà ń gbé iná ju omi lásán lọ. Bó bá ṣẹ́kù sójú gíláàsì, tí ìka sì kàn án, fóònù á rò pé gbogbo ibi tí omi náà dé ni ìka. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan ọwọ́, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí ẹ nu ojú fóònù pẹ̀lú, pàápàá etí rẹ̀. Bí ẹ bá ti tan ètò ìbọ̀wọ́ nínú Settings nígbà kan rí, ẹ pa á. Ó máa ń mú kí tọ́ọ̀ṣì gbọ́ ohun tó kéré jù, ẹ̀kán omi pẹ̀lú.

Touchpad kọ̀ǹpútà alágbèéká mi máa ń sáré kiri bí mo bá fi inverter tàbí jẹnẹrétọ̀ kékeré gbé e, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lórí iná NEPA. Ara irin rẹ̀ náà máa ń ta mí díẹ̀. — Òṣìṣẹ́ ìjọba, Òkè-Fìà

Nǹkan méjì ló pàdé. Inverter olówó pọ́ọ́kú kì í yí iná lọ́nà rọ́bọ́tọ́, ńṣe ló ń fò láti ìpele kan sí èkejì, etí ìpele tó mú ṣámú yẹn sì kún fún ariwo. Èkejì, jẹnẹrétọ̀ kékeré àti ọ̀pọ̀ inverter kò ní ibi tó so mọ́ ilẹ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà ló ń léfòó lókè, ara yín nìkan ló wà nílẹ̀. Èyí tó ń ta yín, kapásítọ̀ Y inú ádápítọ̀ ló ń gbé e wá. Lórí 2.2 nF, kò ju nǹkan bí 0.16 mA lọ, ó ń ta ni ṣùgbọ́n kò pani lára bí ádápítọ̀ bá pé. Bó bá ju títa lọ, tó ń gbá yín, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wo púlọ́ọ̀gì ádápítọ̀ náà. Bó bá ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí ẹsẹ̀ òkè jẹ́ irin, ẹ má fi púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì gbà á kọjá, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ẹsẹ̀ náà. Òun ló ń gbé kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ẹ sọ fún oníná yín kó wọn wáyà ilẹ̀ ilé láti ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì dé ibi tí ọ̀pá bàbà ti wọlẹ̀, kó wò ó pé kò já, kó sì so jẹnẹrétọ̀ àti inverter mọ́ ọ̀pá kan náà. Kí oníná gan-an ló ṣe ìyẹn. Kó tó dé, ẹ ki máọ̀sì oníwáyà bọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ pa touchpad.